Ilé Kejì

Ní Ìwòpin, lẹ́yìn òjò ìrọ̀lẹ́,
mo tú ìgò náà kúrò nínú ìbọ̀sẹ̀ méjì
tí mo fi wé e láti Gílásígò,
mo gbé e kalẹ̀ níwájú Màmá Ẹ̀fúnyẹmí, ẹ̀gbọ́n bàbá mi,
tó ti ń pọn ògógóró láti ogójì ọdún,
tí eyín rẹ̀ ku mẹ́fà, tí ahọ́n rẹ̀ pé.

Kò wo bébà ara ìgò.
Ó da ìwọ̀n omijé kan sí àtẹ́lẹwọ́,
ó fi ọwọ́ kejì pa á, ó gbé e símú,
ó dákẹ́.
Ọkọ̀ elénjìnnì kan kọjá lórí ọ̀sà,
ariwo rẹ̀ jìnnà, ó parẹ́,
Màmá ṣì dákẹ́.

“Kí ni wọ́n fi ṣe é?”
Mo ní ọkà ni, wọ́n ń pè é ní bálì,
wọ́n rẹ ẹ́ sómi, wọ́n jẹ́ kó hù, wọ́n wá yan án.
“Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ nìyẹn,” ó ní,
“ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ tó gorí iná, tó wá ń rí ara ẹ̀ bí àgbà.”

Ìgbà náà ló tó fẹnu kàn án,
nínú ife tó fi ń ta ọtí fáwọn apẹja,
èyí tí ìdí rẹ̀ nípọn ju inú rẹ̀ lọ.
Èmi náà tọ́ ọ wò:
oyin ló kọ́kọ́ wọlé, oyin igbó, tòun ti ìda;
lẹ́yìn náà iná, àmọ́ iná tó mọ bí a ṣe ń kan ilẹ̀kùn;
lẹ́yìn náà ohun kan tí n kò lè dárúkọ,
ó kan díẹ̀, bíi gààrí Ìjẹ̀bú tó sùn lọ́jọ́ márùn-ún lábẹ́ òkúta,
ó fa ahọ́n díẹ̀, bí èèpo àgbálùmọ̀.

Màmá lajú.
“Ọtí yìí kò ti ilé kan ṣoṣo wá.
Àgbá tó gbé e kẹ́yìn ti gbé nǹkan pupa rí,
omi èso kan, tí wọ́n tẹ̀, tí kò rí iná.”

Mi ò tíì sọ fún un!
Lẹ́tà wẹ́wẹ́ ló wà lára ìgò:
ọdún mẹ́wàá nínú àgbá àkọ́kọ́,
méjì nínú àgbá wáìnì pupa,
wáìnì tí wọ́n ti mu tán, tí igi kò gbàgbé.

“Kí ló wá ṣòro níbẹ̀?” Ó rẹ́rìn-ín.
“Ọdún mẹ́wàá ni mo lò nílé Odùlájà kó tó bómi lọ.
Ilé Ṣówándé ni mo ti wá gbó.
Ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ tó kú ṣì wà lára gbogbo nǹkan:
ibi tó ń gbé iyọ̀ sí,
bó ṣe ń so okùn ilẹ̀kùn.
N kò fọ̀ ọ́ dànù. Mo jókòó sínú ẹ̀.
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ pé ọwọ́ mi dùn lọ́bẹ̀,
àwa méjèèjì lẹ̀ ń jẹ.”

Mo bi í bóyá ó dùn ju tirẹ̀ lọ.
Ó wo ẹ̀yìnkùlé, níbi tí omi ti kún ọkọ̀ ògbólógbòó kan,
tí páìpù bàbà gba inú omi náà kọjá,
tí ògùrọ̀ ń hó nínú dúrọ́ọ̀mù.
“Ó dùn. Ẹni tó ṣe é kì í kánjú.
Àmọ́ kò mọ ẹnikẹ́ni níhìn-ín.”

Bó ṣe dìde nìyẹn, tó da gbogbo ìyókù
sínú ṣágo kékeré tí ọtí ìkẹyìn Ṣówándé gbẹ sí,
tó fi kùùkù àgbàdo dí i lẹ́nu.
Mo pariwo. Mo dárúkọ iye tí mo rà á.
Etí rẹ̀ kò sí lọ́dọ̀ mi.
“Ilé kẹta rèé. Wá wò ó lọ́dún tó ń bọ̀.
Bó o bá bá mi, a ó jọ mu ún.
Bó ò bá bá mi,
má fọ ṣágo.”